Bí a ṣe lè sọ ikú bàbá àgbà fún àwọn ọmọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ wà lókè òkun. Bàbá mi kú ní oṣù tó kọjá, èmi nìkan ni mo sì lọ sílé lọ sin wọ́n. Àwọn ọmọ mi, ọkùnrin ọmọ ọdún 6 àti obìnrin ọmọ ọdún 11, máa ń bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mo sọ fún wọn pé bàbá àgbà rìnrìn àjò, nítorí ìyá mi kìlọ̀ fún mi pé ọmọdé kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, èyí àbúrò ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ìgbà wo ni wọn yóò dé; èyí ẹ̀gbọ́n kò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Èsì: Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o, ma. Ẹ̀yìn bàbá yóò dára. Ìdákẹ́ ọmọ ọdún 11 yẹn ló kàn mí lára ju ìbéèrè àbúrò rẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀, kó sì máa pa á mọ́ra nítorí ó rí i pé ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló ń dá ṣọ̀fọ̀, nínú ilé tí ìyá rẹ̀ náà ti ń ṣọ̀fọ̀.

Ẹ sọ fún wọn, kó má sì pẹ́. Ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ pé: "Bàbá àgbà ti kú. Ara wọn ti dẹ́kun iṣẹ́. Wọn kò lè mí mọ́, wọn kò lè jẹun, kò sì sí ohun tó ń dùn wọ́n. Wọn kò ní padà wá." Kí ẹ fi kún un pé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò tí ẹ sọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́, pé ìbànújẹ́ ló mú yín sọ ọ́, kí ọkàn wọn má baà máa já ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀yin náà bá gbé báàgì. Mo mọ̀ pé yóò wúwo lẹ́nu yín, nítorí ó ti mọ́ wa lára láti sọ pé àgbà sùn tàbí pé ó papò dà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 6 bá ti gbọ́ pé bàbá sùn tí kò jí mọ́, oorun alẹ́ lè di ohun ẹ̀rù fún un.

Mária Nagy, tó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ọmọ ọdún 3 sí 10 ní Hungary jáde ní 1948, rí i pé àwọn tí kò tíì tó ọdún 5 sábà máa ń rò pé ẹni tó kú ṣì lè padà. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé e sọ pé láàárín ọdún 5 sí 7 ni ó ń yé ọ̀pọ̀ ọmọ pé àlọ ikú kò ní àbọ̀. Ọmọkùnrin yín wà láàárín ibẹ̀ gan-an. Bó bá tún béèrè lọ́la, ẹ fi sùúrù dá a lóhùn bákan náà.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má gbójú fò. Ọmọdé máa ń rò pé èrò tàbí ọ̀rọ̀ òun lè fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá kọ̀ láti wá sórí fóònù lọ́jọ́ kan nítorí eré, ó lè gbà nínú ara rẹ̀ pé ohun tó pa bàbá àgbà nìyẹn, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè: ẹ sọ ohun tó pa wọ́n, kí ẹ sì sọ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ṣe tàbí tó rò tó fà á.

Bí ẹkún wọn kò bá sì pẹ́, ẹ má ṣe kà á sí àìnífẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kú, ọmọbìnrin mi ń so okùn bàtà lọ́wọ́ nígbà tó bi mí bóyá òtútù ń mú wọn nínú ilẹ̀. Mo ní rárá, ara tó ti kú kì í mọ òtútù. Ó ní ó dáa, ó so okùn kejì, ó sì sáré jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù. Alẹ́ ọjọ́ náà ló tó sunkún, ó sì sun ún pẹ́. Ọ̀fọ̀ ọmọdé máa ń wọlé, á sì tún jáde.

Ẹ̀yin náà lè sunkún lójú wọn, bí ẹ bá ti sọ ìdí rẹ̀: àárò bàbá mi ló ń sọ mí, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á, mo sì wà níbí láti tọ́jú yín.

Ní ti màmá, ẹ má bá wọn jiyàn, ìfẹ́ ló mú wọn kìlọ̀. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ìbéèrè ọmọ má baà bá wọn lójijì. Ó sì lè jẹ́ pé ó wu àwọn náà kí ẹnìkan dárúkọ bàbá sí wọn létí.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ọ̀fọ̀ tí kò rọlẹ̀ kún àwọn àìsàn inú ìwé ìtọ́nisọ́nà wọn ní 2022, wọ́n sì fi oṣù 12 ṣe òṣùwọ̀n fún àgbà, oṣù 6 fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá lè sùn, tó ń kọ ilé ìwé, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ bá bàbá àgbà, ẹ má ka oṣù kankan kí ẹ tó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ẹ sì kọ ìwé ṣókí sí olùkọ́ àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹnìkan lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹkún bá dé ní kíláàsì.