Ọ̀nà kan ò wọjà: bí Amẹ́ríkà ṣe ń háyà rọ́kẹ́ẹ̀tì ológun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ń jiyàn ní ibùdó ìmọ̀ òfurufú tó wà nínú ọgbà OAU. Ní oṣù kẹrin 2025, Amẹ́ríkà pín iṣẹ́ gbígbé sátẹ́láìtì ológun fún iléeṣẹ́ mẹ́ta. Kí ló dé tí wọn ò kó gbogbo ẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: SpaceX gba ìrìnàjò 28 ní bílíọ̀nù 5.9 dọ́là, ULA (United Launch Alliance), 19 ní bílíọ̀nù 5.4, Blue Origin, 7 ní bílíọ̀nù 2.4. Ẹ pín in wò: ti SpaceX jẹ́ bíi mílíọ̀nù 211 lórí ìrìnàjò kan, ti Blue Origin sún mọ́ 343. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀, àmọ́ ó nídìí. Ní oṣù keje 2024, ọ́síjìn olómi jò lápá òkè Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX, wọ́n sì dá a dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ká ní òun nìkan ló wà, gbogbo ẹrù ológun ni ì bá dúró dè é.

Kò sẹ́ni tó kàn ń wọlé gbaṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Vulcan ti ULA ní láti fò lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀rọ àti ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò nígbà 114. Nínú ìfò kejì, oṣù kẹwàá 2024, kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí ẹnu tí iná ń gbà jáde lára ọ̀kan nínú àgbá méjì tí wọ́n so mọ́ ọn láti tì í gbéra fi já bọ́. Ohun tó ń gba ooru dúró nínú rẹ̀ ló ní àbùkù láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣì dé ibi tó ń lọ. Ìgbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀ rí, tí wọ́n tún un ṣe, ni wọ́n tó fún un níwèé ẹ̀rí, ní oṣù kẹta 2025.

Ìbéèrè: Bí sátẹ́láìtì tiwa bá bàjẹ́, ṣé owó wa wọgbó nìyẹn? (Oníṣòwò, Ìléṣà)

Ìdáhùn: Rárá, mà, bí ìwé àdéhùn bá dára. China gbé NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà, lọ sókè fún wa ní oṣù karùn-ún 2007. Ní oṣù kọkànlá 2008, iná tó ń fà láti ara oòrùn dáwọ́ dúró, ó sì kú. Adójútòfò ló san owó NigComSat-1R tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2011. Ẹ kíyè sí i pé ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn tó gbéra ló bàjẹ́. Adójútòfò tó bá parí lọ́jọ́ ìgbéra kì bá tí san kọ́bọ̀.