Owó tí wọ́n fi ń ra mọ́tò asáré àtijọ́ kọ́ ni owó rẹ̀

Àbúrò mi, o ní o rí Porsche 944 kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, pé iye tí wọ́n ń pè é kò ju ti ọkọ̀ kékeré lásán lọ, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí o rà á kí o máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gun irú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ, àti adùn àti ìnáwó.

Rà á bí ọkàn rẹ bá fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni ọkọ̀ tí o ní. Ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mọ́tò yìí bá dúró, kò tíì tó àkókò fún un láti rà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń fà wá mọ́ra, torí àwọn tí kò gun ún rí máa ń rò pé ẹwà ojú lásán ni. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì 944 wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n gbé jíà rẹ̀ lọ, láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Irin gígùn kan tó ń yí nínú páìpù ló so wọ́n pọ̀. Nítorí èyí, ìwúwo mọ́tò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba, ìdajì níwájú, ìdajì lẹ́yìn. Ara rẹ ló máa sọ fún ọ tí o bá ń wọ kọ́nà: imú rẹ̀ kì í fẹ́ fà ọ́ jáde lọ́nà, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣàdédé fì. Kò wúwo, ìwúwo rẹ̀ kò ju bíi kílógíráàmù 1,200 lọ. Bí ọ̀nà bá ń yọ̀, bí yanrìn bá wà lójú títì, ọwọ́ rẹ á ti mọ̀ ọ́n láti ara sítíárìn kí ojú rẹ tó rí i.

Ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀ dùn mọ́ mi. Lítà 2.5 ni ti èyí tó kọ́kọ́ jáde, písìtìn mẹ́rin péré. Písìtìn tó tóbi tó báyẹn yẹ kó máa gbọn mọ́tò jìgìjìgì, ṣùgbọ́n Porsche gba àṣẹ lọ́wọ́ Mitsubishi láti lo ọgbọ́n kan tó jẹ́ tiwọn: ọ̀pá irin méjì tó ń yí ní ìlọ́po méjì eré ẹ́ńjìnnì, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n pa gbígbọ̀n náà lọ. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Yúróòpù ní agbára ẹṣin 163. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìdílé òde òní ló máa fi í sílẹ̀ bí iná bá yí sí àwọ̀ ewé, èmi ò sì ka ìyẹn sí rárá. Mọ́tò tuntun tó lágbára gan-an kì í jẹ́ kí o mọ nǹkan kan lára títí tí o fi máa rú òfin ìrìnnà. Èyí ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí eré kò tíì tó nǹkan. Ìwọ lo máa yí jíà, ìwọ lo máa mọ ìgbà tó yẹ kí o tẹ bíréèkì, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan tó máa tún ohun tí ẹsẹ̀ rẹ ṣe ṣe. Títí di òní mo ṣì máa ń jí ní kùtù kí ọkọ̀ tó kún ojú ọ̀nà, kí n kàn lọ kí n sì bọ̀, láìní ibi tí mo ń lọ.

Ó kan owó wàyí. Iye tí wọ́n ń ta mọ́tò náà ti já wálẹ̀ sí ti ìgbà tó wà ní tuntun, àmọ́ iye ẹ̀yà ara rẹ̀ kò bá a já. Àárín 1982 sí 1991 ni wọ́n ṣe é, olówó ni wọ́n sì ṣe é fún. Bí ẹni ra ẹṣin ni: koríko tó ń jẹ kò mọ̀ pé ọ̀pọ́ lo rà á. Wákàtí tí mẹkáníìkì ń lò lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà ló ṣì ń lò lónìí, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn nọ́ọ̀tì ti dípẹtà.

Ohun àkọ́kọ́ tí màá béèrè ni béèlì, ìyẹn okùn rọ́bà tó ń yí lára ẹ́ńjìnnì (belt). Méjì ló ní: ọ̀kan ń yí ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, àwọn ìdérí kéékèèké tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì, èkejì ń yí ọ̀pá méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ti fáàfù bá já, písìtìn á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, ó di dandan kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì. Kò sì sí ariwo tó máa kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ọ. Rọ́bà ni, ọjọ́ orí nìkan tó láti bà á jẹ́, kódà bí mọ́tò náà kò bá kúrò lójú kan. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣí i, jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù omi àti àwọn róbótó tí béèlì ń gbà kọjá, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa tún ṣe láti dé ibẹ̀. Kí ẹni tó máa ṣe é sì ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí béèlì ṣe le tó. Kí ó má fi ìka wọ̀n ọ́n.

Kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà bí o bá fẹ́ yí jíà, ló máa ń gbọ́n owó lọ jù. Gbígbé jíà lọ sẹ́yìn tó jẹ́ kí mọ́tò yìí dùn ún wọ kọ́nà, òun náà ló jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣòroó dé. Wọ́n á tú páìpù èéfín, wọ́n á sọ jíà kalẹ̀, wọ́n á fa páìpù gígùn àárín sẹ́yìn, kí wọ́n tó rí i sójú. Ó tún wá jẹ́ pé àárín kílọ́ọ̀ṣì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ní rọ́bà, rọ́bà náà a sì máa là bó bá gbó. Nígbà tó kan tèmi, ẹ̀yà kan tí wọ́n ń dúró dè kò tètè dé, mọ́tò náà sì wà lórí igi fún ìgbà pípẹ́ tí mò ń fi ọkọ̀ mìíràn lọ síbi iṣẹ́. Inú mi kò bàjẹ́, torí mo ní ọkọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lókè ni mo ń tún sọ.

Rọ́bà mìíràn wà tí kò gba àfojúfò, ìyẹn páìpù tó ń gbé epo bẹntiróòlù lọ sórí ẹ́ńjìnnì. Bó bá là, epo á máa kán sórí irin gbígbóná, mọ́tò lè gbiná mọ́ ọ lórí. Bí olówó rẹ̀ kò bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ó ti pààrọ̀ rẹ̀, pààrọ̀ rẹ̀ kí o tó gbé e rìn jìnnà.

Táyà ńkọ́? Má wo bí ojú rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó nìkan. Nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Táyà tó ti gbó a máa le, kì í di ọ̀nà mú mọ́ bí òjò bá rọ̀. Omi bíréèkì náà ń fa ọ̀rinrin, ọdún méjì méjì ni kí o máa yí i. Má sì bo mọ́tò náà mọ́lẹ̀ láti ọdún dé ọdún pé ò ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Àìrìn a máa gbẹ àwọn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì, jíjò ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní DME relay, síwíìṣì tó ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù epo. Bó bá bàjẹ́, mọ́tò kò ní sítáàtì, á dà bí ẹni pé nǹkan ńlá ló ṣẹlẹ̀. Ẹyọ kan wà nínú mọ́tò mi nígbà gbogbo.

Ní ti ara irin, o ríre. Wọ́n fi síńkì bo irin 944, kì í tètè dípẹtà bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì wò, kí o sì wo abẹ́ bátìrì, níbi tí ásíìdì ti máa ń jẹ irin lu, tí omi á wá máa kán síbi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó.

Nọ́ńbà ibùsọ̀ tó ti rìn kọ́ ni kí o gbẹ́kẹ̀ lé. Jíà oníke kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń kà á, ó máa ń fọ́, nọ́ńbà á sì dúró síbì kan nígbà tí mọ́tò ń rìn lọ. Fáìlì rìsíìtì ni kí o bi wọ́n. Èmi á ra èyí tó ti rìn jìnnà tí fáìlì rẹ̀ nípọn ju èyí tí wọ́n ní kò rìn tí kò ní ìwé kankan lọ. Kí o sì rí i kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó gbóná. Ṣí ìdérí omi rẹ̀ nígbà náà: bí ọ́ìlì bá ti dà pọ̀ mọ́ omi, tó ki tó funfun, rọ́bà inú ẹ̀rọ tó ń mú ọ́ìlì tutù ló sábà máa ń bàjẹ́, o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí o tó dúnàá dúrà.

Bí gbogbo èyí bá ń bà ọ́ lẹ́rù, wo Mazda MX-5, tó jáde ní 1989. Ó fúyẹ́, ẹ̀yà rẹ̀ wọ́pọ̀, ohun tó ń pa á jù ni ìpẹtà abẹ́ ilẹ̀kùn. Kì í ṣe mọ́tò tí ọkàn mi yàn, àmọ́ kò ní pọ́n ọ lójú.

Bí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ bá jẹ́ mẹ́ta, fi méjì ra mọ́tò, fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́. Wá mẹkáníìkì tó mọ 944 kí o tó wá 944 fúnra rẹ̀, kí o sì sanwó fún un kó bá ọ lọ wò ó. Ní ti adójútòfò, ẹ jọ fẹnu kò lórí iye mọ́tò náà, kó wà nínú ìwé.

Béèrè ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ béèlì, kílọ́ọ̀ṣì àti páìpù epo lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Èyí tí kò bá rí rìsíìtì rẹ̀, gbà pé wọn kò ṣe é, kí o sì yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tó ń pè. Fi fọ́tò àwọn ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, màá bá ọ kà wọ́n.