Ọba Tí Wọ́n Gbé Láti Jámánì Lọ sí Albania

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Olùkọ́ ìtàn kan sọ fún wa pé ọmọ ọba Jámánì kan jẹ ọba ní Albania, kò sì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi lé e lọ. Ta ni ọkùnrin náà? Ṣé wọ́n lé e lóòótọ́ ni, àbí òun fúnra rẹ̀ ló sá? Ibo ló sì parí ayé rẹ̀ sí? Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Wilhelm ti Wied ni. Ìlú Neuwied, létí odò Rhine, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1876. Ọmọ ọba ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 1806 ni ìdílé rẹ̀ kò ti ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso mọ́, òun náà kì í sì í ṣe àkọ́bí. Iṣẹ́ ológun ló ń ṣe jẹ́jẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ Albania dé.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1912 ni Albania kéde pé òun ti kúrò lábẹ́ àwọn Tọ́kì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orílẹ̀-èdè alágbára mẹ́fà, ìyẹn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Austria, Ítálì àti Rọ́ṣíà, ṣèpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pinnu pé ọmọ-aládé kan ni yóò máa ṣàkóso ibẹ̀. Elisabeth, olorì Romania, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n baba Wilhelm, ló bá a sáré oyè náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Káísà Jámánì fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1914 ni Wilhelm gúnlẹ̀ sí èbúté Durrës.

Lójú tèmi, ibi tó kọ́kọ́ ti ṣìṣe nìyẹn, nítorí Durrës jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ Essad Pasha Toptani, ọ̀gágun àti olóṣèlú ará Albania kan, ti rinlẹ̀ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ Essad yìí, tó ṣáájú ikọ̀ tó lọ fi adé lọ̀ ọ́ ní Neuwied, ń wá agbára fún ara rẹ̀. Ọba tún wá fi í ṣe mínísítà ogun àti ti ọ̀rọ̀ abẹ́lé pa pọ̀! Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà dìde, tí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ọba Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n fura sí Essad pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀tẹ̀ náà, wọ́n sì lé e lọ sí Ítálì ní oṣù Karùn-ún. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ọba àti ìdílé rẹ̀ fi sá wọ inú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Ítálì fún wákàtí mélòó kan. Ó padà sí ààfin o, ṣùgbọ́n ojú ti fọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, Thomson, ọ̀gágun ará Netherlands tó ń dáàbò bo ìlú, kú sójú ìjà.

Bí ẹ bá bi mí, àìlówó àti àìlọ́mọ-ogun ló lé e. Àwọn tó fi í jọba kò fún un ní ṣọ́jà. Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀, Austria ní kí ó kó ọmọ ogun Albania wá ran òun lọ́wọ́. Ó kọ̀, ó ní ìpinnu Lọ́ńdọ̀nù kò gba Albania láyè láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ni wọ́n bá dá owó rẹ̀ dúró. Mo rò pé ìwà akin tó hù jù lórí oyè nìyẹn, òun náà ló sì ṣe é tán. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ó sọ fún àwọn ará ìlú pé òun ń kúrò fún ìgbà díẹ̀ ni, ó sì wọ ọkọ̀ lọ.

Ó padà sínú iṣẹ́ ológun Jámánì, ó sì ń retí pé wọn yóò dá òun padà sórí oyè. Wọn kò dá a padà: ọdún 1925 ni Albania di ilẹ̀ olómìnira tó ní ààrẹ, nígbà tó sì di 1928, Zog, ọmọ ilẹ̀ náà, fi ara rẹ̀ jọba. Wilhelm kò fìgbà kan sọ pé òun fi oyè sílẹ̀. Predeal ní Romania ló kú sí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1945, wọ́n sì sin ín sí ìlú Bucharest. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Carol Victor, kú ní 1973 láì bímọ.