Kí ló dé tí ibojì ìyàn Skibbereen ò lórúkọ lórí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Cork là ń gbé ní Ireland. Sùúkù ọmọ mi fẹ́ kó wọn lọ sí ìtẹ́ òkú kan ní Skibbereen, mo wá kọ́kọ́ lọ yẹ ibẹ̀ wò. Koríko lásán ni mo bá níbi tí wọ́n fẹ́ fi hàn wọ́n, kò lórúkọ kankan. Kí ni kí n sọ fọ́mọ?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, koríko yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ kó rí. Wọ́n ní òkú tó wà lábẹ́ ẹ̀ ní Abbeystrewry, ìtẹ́ òkú tẹ́ ẹ lọ yẹn, á tó 8,000 sí 10,000. Ìyàn ńlá ti 1845 sí 1852 ló pa wọ́n. Pòtétò (Áírìṣì tí a ń rà lọ́jà nílé náà nìyẹn) ni tálákà ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, àrùn wọ̀ ọ́, ó jẹrà mọ́lẹ̀, wọ́n ò sì yéé kó ọkà àti màlúù lọ sí England. Bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú, àwọn tó sá lọ lé ní mílíọ̀nù kan.

Ti pósí ni màá ní kẹ́ ẹ sọ fún un. Ìdí ẹ̀ ń ṣí bí ilẹ̀kùn, tí wọ́n bá gbé òkú détí kòtò wọ́n á ṣí i, òkú á já sílẹ̀, wọ́n á tún gbé pósí yẹn lọ gbé ẹlòmíì. Àwọn èèyàn yìí sì dà bíi tiwa tó bá dọ̀rọ̀ òkú o, wọ́n ń ṣàìsùn òkú nínú ilé, tábà ńbẹ̀, ọtí ńbẹ̀, obìnrin á máa fi orin sunkún. Ta ló fẹ́ ṣèyẹn nígbà tẹ́ni tó yẹ kó gbòkú náà ń kú lọ? Ta ló fẹ́ kọ orúkọ?

Ó pẹ́ kí wọ́n tó ráyè sọ̀rọ̀. Ní Grosse Île ní Kánádà, ibi tí wọ́n sin àwọn tó sá lọ sí, ó lé ní 5,000 ní 1847 nìkan, 1909 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àgbélébùú òkúta ńlá kalẹ̀. Èdè mẹ́ta ló wà lára ẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì rọra sọ ọ́, àmọ́ ti èdè Ireland là á mọ́lẹ̀ pé òfin àjèjì àti ìyàn àtọwọ́dá ni wọ́n sá fún. Ìyẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ mú un yà sí Skibbereen Heritage Centre, wọ́n to ìtàn ìyàn náà síbẹ̀, kó má baà dé orí koríko kó máa bi yín pé ibojì dà. Kẹ́ ẹ wọ bàtà òjò fún un o.