Ẹ Bi Wá Léèrè: Kí Ló Dé Tí Òkúta Mi Fi Ń Bẹ́ Nínú Iná?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí, Òkèlele ní Ìlọrin ni mò ń gbé. Mo fẹ́ máa fi òkúta ṣe orí ọfà bíi ti ayé àtijọ́. Mo ra òkúta líle kan tí wọ́n ń pè ní jasper, aláwọ̀ ìyeyè, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó o wá láti òkè Ọya, àmọ́ ó le koko, kò ṣe é là. Wọ́n ní iná ló ń mú un rọ̀. Ni mo bá bẹ àwọn ìyá amọ̀kòkò àdúgbò wa, mo ki mẹ́rin bọ àárín ìkòkò tí wọ́n fẹ́ sun. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ gbàù, gbàù. Ó fọ́ ìkòkò méjì. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? — A.S.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kọ́kọ́ lọ san owó ìkòkò méjèèjì fún àwọn ìyá yẹn. Lẹ́yìn náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Omi wà nínú òkúta, bó ti wù kó gbẹ tó lójú. Tí iná bá ká a mọ́ lójijì, omi á di oru, oru kò ní ríbi gbà jáde, á fọ́ òkúta. Ìyẹn nìkan kọ́. Iná gbangba tí wọ́n fi ń sun ìkòkò máa ń kọjá 600°C, bẹ́ẹ̀ èròjà òkúta tí wọ́n ń pè ní quartz ló pọ̀ jù nínú jasper. Tí ooru bá ti dé 573°C, quartz á yí padà nínú ara rẹ̀, á sì wú lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tí iṣẹ́ tìrẹ ń fẹ́ kì í sábà ju 250°C sí 350°C lọ.

Èmi kì í sun odindi òkúta. Mo máa ń là á sí pẹlẹbẹ ná, kí èyí tó nípọn jù má ju ìka méjì lọ, nítorí bí ìta bá gbóná tí inú ṣì tutù, yóò sán. Màá wá sá a sórí páànù nígbà ọyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kòtò mi kì í jìn ju orúnkún lọ. Yanrìn odò tí mo ti yan nínú agbada títí tó fi gbẹ ni mo ń tẹ́ sísàlẹ̀, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Màá to òkúta sí i láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra, màá da yanrìn mìíràn bò wọ́n, bákan náà ní ìka mẹ́ta. Orí yanrìn yìí ni iná ń jó: ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ láàárọ̀, èédú igi àyín láti ọ̀sán lọ, díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Màá fi eérú bò ó, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kẹta.

Mo tẹnu mọ́ ọjọ́ kẹta yẹn, torí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, ojú kán mi. Mo hú u láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yanrìn ṣì ń jó mi lọ́wọ́. Mẹ́sàn-án ni mo kó sí i. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ṣe fẹ́ lù wọ́n ni mo ń gbọ́ tín-ín, tín-ín, bí ìgbà tí gíláàsì ń sán. Mẹ́fà ló bàjẹ́. Inú àpótí bàbá mi àgbà ni mo ti mú wọn, ó sì dùn mí títí dòní. Lántànà, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ olókùúta, ni bàbá ń ṣe. Irú òkúta òkè Ọya bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ di ìlẹ̀kẹ̀ ní Ìlọrin, kí ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó tó gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Jasper rẹ tó dà bí ìyeyè lè pọ́n lẹ́yìn iná, irin tó wà nínú rẹ̀ ló ń fa ìyẹn. Má fi àwọ̀ nìkan ṣe ẹ̀rí. Ṣẹ́ ẹ létí díẹ̀: ojú àtijọ́ á ṣì ṣú bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ojú tuntun á máa dán bí ẹni fi òrí pa á. Tí kò bá dán, iná kò tó, tún un sun. Àwọn tó gbé ní Pinnacle Point, létí òkun ní Gúúsù Áfíríkà, ti ń fi iná tọ́jú òkúta silcrete báyìí láti nǹkan bí 72,000 ọdún sẹ́yìn, ó kéré tán.

Mo bẹ̀ ọ́, fi awò bo ojú rẹ, kí o sì máa là á níta gbangba. Eruku òkúta yìí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì ṣe é wò sàn.

Ìbéèrè: Ọdẹ ni mí ní Òrò. Ṣé kí n sun òkúta ìbọn ṣakabùlà mi kó lè máa tàn dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ má sun ún rárá, ẹ̀gbọ́n. Òkúta tí iná ti kàn máa ń rọrùn láti là, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ náà á máa yára kán. Irin ni tiyín ń gbá lójoojúmọ́, líle ló ń fẹ́. Àwọn tó ń ṣe òkúta ìbọn láyé àtijọ́ ní Brandon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí ilẹ̀ adúláwọ̀ níbí nígbà náà, kì í sun tiwọn. Tí etí rẹ̀ bá ti kú, ẹ yí i padà sí etí kejì, tàbí kí ẹ rọra fi irin tín-ínrín ṣẹ́ ẹ kó tún mú. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ìbọn ná.