Ẹ Bi Wá: TMG àti Àárẹ̀ Ara

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Adìrẹ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí. Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Wọ́n ní kí n máa lo TMG (trimethylglycine, àfikún oúnjẹ kan), pé ó ń fún ara lágbára. Ike kan ti fẹ́ tán, mi ò rí ìyàtọ̀. Ọmọ ọdún 52 ni mí, mo sì ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé kí n fi kún un? — Aládìrẹ, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ má fi kún un, ìyá wa. TMG, tí wọ́n tún ń pè ní betaine, kò ṣe bíi kọfí. Nínú ẹ̀dọ̀, ó máa ń yọ methyl kan (ẹyọ kékeré tó ní carbon kan àti hydrogen mẹ́ta) lára rẹ̀ fún homocysteine, èròjà kan nínú ara, ìyẹn á sì di methionine, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara fi ń ṣe protein. Ara á sọ methionine di SAMe, ó sì máa ná ATP kó tó ṣe é. ATP yìí ni agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́. SAMe ló ń fún ara ní methyl tó fi ń ṣe creatine, creatine ló sì ń bá iṣan dá ATP tó ti ná padà. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà náà jìn! Bí methyl ò bá wọ́n ara yín tẹ́lẹ̀, ẹ lè máà mọ̀ pé ẹ lo nǹkan kan.

Metformin yẹn ló ń kọ wá lóminú. Tí èèyàn bá lò ó pẹ́, kì í jẹ́ kí ara gba fítámì B12 dáadáa láti inú oúnjẹ. B12 níṣẹ́ tó ń ṣe nínú mitochondria, níbi tí ATP ti ń jáde, tí TMG ò lè bá a ṣe láéláé. Àìtó rẹ̀ a máa fa àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àárẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ a sì máa kú tàbí kó máa ta èèyàn. Ẹ lọ sí lábù kí wọ́n yẹ PCV (bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe tó), B12 àti ṣúgà yín wò, kẹ́ ẹ sì mú èsì náà lọ bá dókítà. Ẹ má dá metformin dúró fúnra yín. Ẹ má sì kọ́kọ́ gbé folic acid (fítámì B9) mì: ó lè tún ẹ̀jẹ̀ ṣe kí àìtó B12 ṣì máa ba iṣan ìmọ̀lára (nerve) jẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lo TMG, kápúsù 500 mg mẹ́ta lójúmọ́ (1.5 g) ti tó, lẹ́yìn oúnjẹ. Láti 4 g sókè, ó lè gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ga. Ó lè mú kí inú máa ṣí, àwọn mìíràn a sì máa rùn bí ẹja. Tó bá jẹ́ oníyẹ̀fun, ẹ dé ike rẹ̀ pa lásìkò òjò. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì dì gbagidi.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé ewéko tó ń kó betaine pamọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ da omi rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bómi lọ nìyẹn.

Ìbéèrè: Mo rí “betaine HCl” ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Ọba. Ṣé TMG náà ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ásíìdì wà nínú ìyẹn, àwọn tó ń wá ohun tí oúnjẹ yóò fi dà ló ń rà á. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, tàbí tó ń lo ibuprofen, kó má fẹnu kàn án.