Ṣé pásípọ́ọ̀tù méjì lè sọ ọmọ mi di amí?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, níléeṣẹ́ kan tó ń báṣẹ́ ṣe fún ọmọ ogun ojú omi wọn. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò búra láti di ọmọ ilẹ̀ wọn. Àbúrò mi ní kó yáa sun pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ̀, pé ọkàn méjì ló sọ Pollard dèrò ẹ̀wọ̀n. Ṣé lóòótọ́ ni? Ìyá kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ọmọ, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, kó má sun nǹkan kan.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni Jonathan Pollard. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìròyìn àṣírí wò fún ọmọ ogun ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Yóò kó ìwé sínú àpò jáde níbi iṣẹ́, yóò gbé e fún àwọn ará Ísírẹ́lì, wọn á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, òun á sì dá a padà. $1,500 ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Nígbà tó yá, ó di $2,500. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, ọdún 1985, òun àti ìyàwó rẹ̀ wa ọkọ̀ wọnú ọgbà ẹ́ḿbásì Ísírẹ́lì ní Washington láti sá pamọ́. Àwọn ará ẹ́ḿbásì ní kí wọ́n jáde. Ìta géètì ni àwọn FBI ti mú un. Ní 1987, adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un. 2015 ló tó jáde.

Ibi tí àbúrò yín ti ṣì í rèé: lọ́jọ́ tí Pollard ń kó ìwé yẹn, ọmọ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni. 1995 ni Ísírẹ́lì tó sọ ọ́ di ọmọ wọn, ó ti wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Ìfẹ́ Ísírẹ́lì tó wà lọ́kàn rẹ̀ kọ́ ni kóòtù dá lẹ́jọ́, bí kò ṣe ìwé tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ tó lọ́kọ sí Òǹdó ṣì ń bọ̀ wálé bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Àfi bó bá ń kó àṣírí ilé ọkọ bọ̀.

Ní ti òfin tiwa, abala 28 nínú ìwé òfin 1999 kò gba jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí ní ọmọ Nàìjíríà nítorí pé ó di ọmọ ilẹ̀ mìíràn. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ wà nínú ìbúra Amẹ́ríkà pé èèyàn kọ ìtẹríba fún ìjọba mìíràn, ó sì máa ń já àwọn èèyàn láyà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò yọ orúkọ rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Nàìjíríà sílẹ̀ yóò kọ ìwé sí ìjọba wa fúnra rẹ̀. Kó kàn rántí pé pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ni yóò máa fi wọlé, tí yóò máa fi jáde lọ́hùn-ún.

Ibi iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń kọ mí lóminú. Bí wọn yóò bá fi àṣírí ìjọba hàn án, fọ́ọ̀mù gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní SF-86. Yóò bèèrè pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ òkèèrè, ẹbí, ilé àti owó tó ní níta. Kó kọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀yin ní Òkè-Àró, ilẹ̀ tó bá rà, gbogbo rẹ̀ pátá. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin wọn. Kó sì kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá tó ń mójú tó ètò ààbò níléeṣẹ́ wọn, kó tó tún fi pásípọ́ọ̀tù wa rìn.

Màmá, bí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹbí, bá ní kí ẹ bá òun gba ìwé kan níbi iṣẹ́ ọmọ yín, ẹ má gbà. Ẹ pe ọmọ yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sọ fún un.